Ọ̀nà Mambilla: ta ló ti wa mọ́tò ara rẹ̀ gòkè dé Gembu rí?

Bàbá Ìbejì Kubwa
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ sìnrú ìlú ní Jalingo, ní ìpínlẹ̀ Taraba, fẹ́ gbéyàwó ní Gembu, ìlú tó wà lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ náà, lẹ́yìn Kérésìmesì, èmi ló sì ní kí n wá dúró ti òun lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ní òun ń bá mi lọ. Màmá mi tó wá kí wa láti Ọ̀ffà gbọ́ pé òkè náà tutù bí ìlú òyìnbó, àwọn náà ní ẹnì kan ò ní fi àwọn sílẹ̀ sílé. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mọ́tò tí mo ní ni Corolla 2005, jíà ọ́tò.

Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé Jalingo, ṣùgbọ́n mi ò gun òkè yẹn rí. Ṣé Corolla á gbé wa dé òkè? Ọ̀nà wo ni ká gbà láti Àbújá? Ṣé òtútù ibẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti dé ibẹ̀ ni kó dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tó wo fídíò.

Kọ́pà Àná
Ẹ̀gbọ́n, Gembu ni èmi ti sìnrú ìlú ní tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo sì gun òkè náà. Corolla ń dé ibẹ̀. Golf tó dàgbà ju ìyàwó ilé lọ ń kó ènìyàn méje gòkè lójoojúmọ́.

Láti Jalingo títí ẹ ó fi kọjá Bali, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ooru á mú yín dáadáa. Ẹ ó kan Serti, níbi tí ọ́fíìsì ọgbà ẹranko Gashaka-Gumti wà. Ọgbà yẹn ló tóbi jù ní Nàìjíríà, inú rẹ̀ náà ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, 2,419 mítà. Lẹ́yìn Serti ni Mayo Selbe. Ẹsẹ̀ òkè gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá gbójú sókè níbẹ̀, ẹ ó rí òkè tó dúró bí ògiri, ẹ ó máa bi ara yín pé ibo wá ni títì gbà. Ara ògiri yẹn náà ló gbà. Ó lọ sọ́tùn-ún, ó ṣẹ́rí padà sósì, ó tún ṣẹ́rí. Ọkọ̀ tó ṣáájú yín, òkè orí yín ni ẹ ó ti máa rí táyà rẹ̀. Ọ̀gbun wà lápá òsì, ẹ yí kọ́ọ̀nà kan báyìí, ọ̀gbun ti bọ́ sọ́tùn-ún. Etí yín á dí. Ẹ máa gbé itọ́ mì, tàbí kí ẹ jẹ ṣingọ́ọ̀mù, á ṣí. Ọ̀rá ṣinṣín tí mo gbé sórí ẹsẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ wú bíi bọ́ọ̀lù, mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó ṣàdédé yọ sórí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Ooru á lọ bí ẹni pé ẹnì kan pa iná rẹ̀. Koríko tútù lọ súà, òkè kéékèèké ń yí gbirigbiri lọ dé ibi tí ojú lè tó o, màlúù, igi yukalíptọ́ọ̀sì tó tò lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ọmọdé darandaran tí wọ́n wọ kóòtù àgbà. Ọkọ̀ tí gbogbo wa ti ń pariwo nínú rẹ̀ láti Serti dákẹ́ lọ́wọ́ kan.

Ọmọ Lugbe
Èmi ò rí ìdí tí ènìyàn á fi wa mọ́tò ara rẹ̀ lọ. Wọ bọ́ọ̀sì, kí o sùn, kí o jí ní Gembu. Àwọn dẹ́rẹ́bà ibẹ̀ mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ ojú ìyàwó rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà
Ọmọ Lugbe, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó mọ ọ̀nà wà lóòótọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù náà wà, àwọn yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi.

Wọ́n bẹ̀ mí níṣẹ́ kan lọ́jọ́ náà, mo fi mọ́tò tèmi sílẹ̀ sí Gembu fún ẹni tó rán mi, mo wọ bọ́ọ̀sì akérò padà. Iwájú ni mo jókòó sí. A ń sọ̀ kalẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé ẹ́ńjìnnì ò dún mọ́. Mo wo ọwọ́ dẹ́rẹ́bà: ó ti fi jíà sí fírì! Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni ẹ ń ṣe?" Ó ní òun ń ṣọ́ epo. Ó ń fi bíréèkì nìkan gba ọkọ̀ tó kó ènìyàn méjìdínlógún pẹ̀lú àpò ọ̀dùnkún lórí. Kọ́ọ̀nà kìíní, kò sí nǹkan. Kẹta, òórùn bí ìgbà tí aṣọ ń jóná bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kọ́ọ̀nà karùn-ún, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ lọ bí ẹni tẹ àkàṣù ẹ̀kọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ẹni tó ń kírun ń kírun, ẹni tó ń pe Jésù ń pè é. Ọlọ́run ló yọ wá: ó fi apá ọkọ̀ ha ògiri òkè, ó ha á títí ó fi dúró. Gbogbo ilẹ̀kùn apá ibẹ̀ ló ká bíi páànù.

Nítorí náà, Bàbá Ìbejì, ẹ ti bèèrè bóyá Corolla á gòkè. Á gòkè. Bí ẹ ó ṣe sọ̀ ni kí ẹ bèèrè. Ẹni tó ń gun òkè, bí mọ́tò bá kọ̀, ó dúró nìyẹn. Ẹni tó ń sọ̀, bí mọ́tò bá kọ̀, kò dúró.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Jíà tí ẹ bá fi gòkè ni kí ẹ fi sọ̀. Nínú Corolla yín, ẹ ó rí 2 àti L nísàlẹ̀ D. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ fà á sí 2. Bí ó bá ṣì ń sáré, L. Ẹ́ńjìnnì á máa hó kunkun, ẹ má bẹ̀rù ariwo rẹ̀, òun ló ń dì yín mú, kì í sì í jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ. Bíréèkì wá di nǹkan tí ẹ máa ń tẹ díẹ̀, kí ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé e kalẹ̀ bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé àpótí. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn, ẹ wá ibi tó fẹ̀, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má da omi sí i lára o! Irin gbígbóná àti omi tútù, ó ń là.

Mẹkáníìkì Àpò
Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọwọ́ mi kún un.

Ohun tó mú ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà yẹn wọlẹ̀ ni bíréèkì ọ́ìlì. Ọ́ìlì náà máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀, omi ti pọ̀ nínú rẹ̀, bí bíréèkì bá gbóná gan-an, á hó, á di afẹ́fẹ́ gbígbóná. Afẹ́fẹ́ ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ́ìlì kò ṣeé tẹ̀. Ibi tí agbára ẹsẹ̀ yín ń lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ Èkó, ẹnì kan ò tíì pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn rí. Bó bá ti dúdú bíi tíì, ẹ dà á nù, ẹ fi tuntun sí i, kí wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀ ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bíréèkì páàdì: ẹ dúró níbẹ̀ kí wọ́n tú táyà lójú yín. Oníbàárà mi kan san owó páàdì tuntun níbòmíràn, èyí tí wọ́n fi sí i fún un ni ògbólógbòó tí wọ́n fi sámúpépà ha lójú. Ó dé Akwanga kó tó mọ̀.

Táyà: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àmì róbótó kan. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àwọn Road Safety ní ọdún mẹ́rin ni ọjọ́ orí táyà, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì dán tó. Tókúńbọ̀ tó ń dán máa ń tan ènìyàn jẹ.

Radiétọ̀ ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, ẹ máa wo géèjì ooru. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè jù, ẹ pa éésì, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ má ṣí ìdérí radiétọ̀ títí á fi tutù. Mọ́tò náà á ṣe ọ̀lẹ díẹ̀ lókè, kì í ṣe àìsàn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì kò rí i mí tó.

Ìyá Oníkóòkì
Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin gan-an ò dárúkọ àwọn ìbejì nínú ìrìnàjò yìí. Ta ló ń tọ́jú wọn?

Bàbá Ìbejì Kubwa
Ìyá Oníkóòkì, ọ̀dọ̀ àǹtí wọn ní Nyanya ni wọ́n ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin méjì nínú kọ́ọ̀nà tí Kọ́pà Àná ń sọ yìí? Rárá o.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà, ẹ ṣeun, ẹ̀rù ti bà mí. Mo ti wakọ̀ kọjá Ẹ̀fọ̀n Alààyè láìmọye ìgbà o, mo rò pé mo mọ kọ́ọ̀nà.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà
Ẹ̀fọ̀n dára fún ìdánrawò. Ṣùgbọ́n ibi tí ti Ẹ̀fọ̀n bá parí sí, ti Mambilla ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí yín káàbọ̀ ni. Ohun méjì tí mo gbàgbé: ẹ máa tẹ fèrè kí ẹ tó yí kọ́ọ̀nà tí ẹ ò rí iwájú rẹ̀, nítorí ajagbe tó kó màlúù máa ń gba àárín títì. Bí ọ̀nà bá há, ẹni tó ń gòkè ni kí ẹ yà fún, nítorí ó ṣòro kí ọkọ̀ tó rù ẹrù tún gbéra lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí, wọ́n á máa bú ara wọn níbẹ̀.

Ará Jalingo
Mo ń ta páàtì mọ́tò ní Jalingo níhìn-ín, ilé wa ni Ìwó. Ẹ gbọ́ ti ọ̀nà.

Ẹ pín ìrìnàjò sí ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ti Àbújá dé Gembu lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ á ṣú bá a lórí òkè. Ilẹ̀ sì máa ń tètè ṣú lápá ọ̀dọ̀ wa ju Àbújá lọ, ní oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́fà ni oòrùn ti ń wọ̀. Àwọn kan ń gba Lafia, Makurdi, Katsina-Ala àti Wukari. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kò nílò kó dé Jalingo, Mutum Biyu ló ti máa yà sí Bali. Ṣùgbọ́n apá láàárín Katsina-Ala sí Wukari yẹn, wàhálà máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nígbà mìíràn. Mi ò ní sọ fún yín pé ó dára tàbí kò dára, nítorí bó ṣe rí lónìí kọ́ ló máa rí lọ́la. Ẹ lọ sí gáréèjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. Abèèrè kì í ṣìnà. Bí owó bá wà, ẹ wọ bàálù láti Àbújá sí Yola, kí ẹ gba Numan wá sí Jalingo, kí ẹ háyà mọ́tò àti dẹ́rẹ́bà níhìn-ín. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n Màmá á rí ara gbé e.

Láti Jalingo, aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ ti kúrò. Wákàtí méje sí mẹ́jọ ni èmi máa ń lò. Ẹ ra epo kún tánkì nísàlẹ̀, bí ẹ bá ṣe ń gòkè ni owó rẹ̀ ń gòkè. Ẹ mú owó lọ́wọ́, POS lè wà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má sí. Ẹ pe ẹni tí ẹ bá fẹ́ pè kí ẹ tó kúrò ní Serti. Nọ́ńbà Road Safety ni 122, ọ̀fẹ́ ni.

Lórí òkè, Fulfulde àti Hausa ni ẹ ó máa gbọ́, pẹ̀lú èdè Mambila. Ẹ sọ "Sannu" tàbí "Jam na?" kí ẹ tó bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n kí níbi tí ènìyàn ti ń kí ara wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìtìjú ni.

Nọ́ọ̀sì Gwarinpa
Nítorí Màmá ni mo ṣe yà síbí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òkè dẹ́rù bà wọ́n. Ilẹ̀ Mambilla ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, àìsàn orí òkè kì í sábà bẹ̀rẹ̀ títí ènìyàn á fi kọjá 2,500. Òtútù ló yẹ kí ẹ ṣọ́, ó máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Súwẹ́tà, sọ́ọ̀kì, fìlà tó bo etí, ìbora tó nípọn. Aṣọ òkè kì í ṣe súwẹ́tà o, mo mọ àwọn ìyá wa.

Kí wọ́n lọ rí dókítà wọn kí ẹ tó lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí ọ̀kan nínú oògùn wọn bá jẹ́ irú èyí tó ń mú ènìyàn tọ̀, àwọn àgbà kì í lò ó lọ́jọ́ ìrìnàjò, wọn ò sì ní sọ fún yín. Wọn ò fẹ́ kí ẹ máa dúró nítorí àwọn. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ ó máa dúró ní gbogbo wákàtí méjì, kí wọ́n sọ̀, kí wọ́n rìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wú nínú mọ́tò, kì í ṣe ohun eré. Kí wọ́n jókòó síwájú nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, kí wọ́n má jẹun yó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èébì ni.

Ọmọ Lugbe
Ìyàwó ńkọ́? Ẹ̀yìn ni ó máa jókòó sí láti Àbújá dé Gembu?

Nọ́ọ̀sì Gwarinpa
Ẹ jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dáhùn ìyẹn.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ẹ má bínú pé mo ń dá ọ̀rọ̀ ìwé sí i. Ìbò ló jẹ́ kí ilẹ̀ tí ẹ ń lọ yìí jẹ́ ti Nàìjíríà. Jámánì ló kọ́kọ́ ni Kamẹrúùnù, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì gba apá kan rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò bi àwọn ará àríwá ibẹ̀ léèrè ní 1959, wọ́n ní àwọn á ṣì rò ó ná. Ní oṣù Kejì ọdún 1961, wọ́n tún bi wọ́n, wọ́n yan Nàìjíríà, wọ́n sì wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún náà. Orúkọ Sardauna tí ìjọba ìbílẹ̀ Gembu ń jẹ́ dòní, oyè Ahmadu Bello ni. Bí ẹ bá dúró lórí òkè ní Gembu tí ẹ wo ìhà gúúsù, òkè tí ẹ ń wò níwájú, Kamẹrúùnù ni. Mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń lọ mọ̀ ọ́n.

Kọ́pà Àná
Ẹ ra tíì bọ̀ o! Kakara ni oko rẹ̀ wà, lórí òkè níbẹ̀. Ẹ má retí ewé kan péré. Òkè kan ni ó bò mọ́lẹ̀ bí kápẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá lọ ní òjò, oṣù Keje títí dé Kẹsàn-án, ìkùukùu máa ń bo títì débi pé ènìyàn ò rí ìmú ọkọ̀ ara rẹ̀, ẹ dúpẹ́ pé oṣù Kejìlá ni. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ náà lè mú kí ojú ọ̀run rí bí eruku. Bí ìkùukùu bá bá yín láàárọ̀, iná kúkúrú ni kí ẹ tàn, iná gígùn á padà wá gbá yín lójú.

Bàbá Ìbejì Kubwa
Ẹ kú ọdún tuntun gbogbo yín! A ti lọ, a ti bọ̀.

Ọ̀nà Makurdi la gbà lẹ́yìn tí mo bèèrè ní gáréèjì lẹ́ẹ̀mejì. A sùn ní Jalingo lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ àtijọ́. Mẹkáníìkì Àpò, bíréèkì ọ́ìlì mi dúdú ju tíì lọ, kọfí ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo pààrọ̀ táyà méjì, owó tí mo fẹ́ fi rán agbádá ló gbé e lọ. Agbádá àná ni mo wọ̀.

Gígun òkè rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Abẹ́rẹ́ gòkè lẹ́ẹ̀kan, mo pa éésì, a dúró fún ogún ìṣẹ́jú, Màmá sì fi àkókò yẹn gbàdúrà fún gbogbo ọkọ̀ tó kọjá. Ní ti sísọ̀, mo fi 2 sọ̀ láti orí dé Mayo Selbe, mo fà á sí L níbi mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà. Kò sí òórùn kankan. Golf kan ya wá sílẹ̀ pẹ̀lú eré, a padà bá a nísàlẹ̀ tó dúró tí táyà iwájú rẹ̀ ń rú èéfín. Mo rántí yín, Dẹ́rẹ́bà Àgbà.

Òtútù náà jẹ́ òótọ́. Ìyàwó mi wọ súwẹ́tà mi lé tirẹ̀, mi ò rí i gbà padà di Lafia. Ní ti ìjókòó, ó jókòó síwájú láti Àbújá dé Serti, Màmá gbà á láti ibẹ̀, kò sẹ́ni tó jà.

Wàhálà kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀: Màmá ní àwọn á se ẹ̀wà fún àwọn àlejò tó wá láti ilé. Aago méje ni wọ́n gbé e kaná. Aago mọ́kànlá, ẹ̀wà ṣì le bí òkúta. Wọ́n ní oníṣòwò tó ta ẹ̀wà náà fún mi ní Jalingo ti rẹ́ mi jẹ.

Kọ́pà Àná
Ẹ bá mi bẹ Màmá, oníṣòwò ò jẹ̀bi. Bí ilẹ̀ bá ga bẹ́ẹ̀, omi máa ń hó kí ooru rẹ̀ tó pé. Nísàlẹ̀, 100 ló fi ń hó, lọ́hùn-ún kò ju nǹkan bíi 95 lọ, bó ti wù kí iná pọ̀ tó kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀. Rírẹ ni wọ́n ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú lórí òkè, tàbí kí wọ́n fi ìkòkò tó ń sé ooru mọ́nú sè é.

Bàbá Ìbejì Kubwa
Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé omi hó níṣojú àwọn, pé àwọn kì í ṣe ọmọdé, àti pé tí a bá tún ń lọ, Ọ̀ffà ni àwọn á ti gbé ẹ̀wà tiwọn bọ̀.